Ọ̀gá ní kí n máa gé owó ẹni tó bá pẹ́ dé sáìtì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Fọ́ọ̀mánù_Yábà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Èmi ni fọ́ọ̀mánù sáìtì kan níbí ní Yábà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, a ti ń múra láti da dẹ́kìn kejì, ìyẹn ilẹ̀ òkè tá a fi irin àti kọnkéré ṣe. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, birikilà, kápẹ́ńtà, bẹ́ńdà, lébírà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń gbé ìtòsí nínú wọn, Ìkòròdú, Àgbádó, Ọ̀tà ni wọ́n ti ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí owó ọkọ̀ ṣe rí látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Ẹlòmíì á ti jí láago mẹ́rin ìdájí, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wá mú un ní Kẹtu, aago mẹ́jọ á ti lù kó tó dé.

Ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá àwọn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ ní aago mẹ́jọ kọjá, inú bí i, ó ní láti Mọ́ńdè, ẹni tí ò bá tíì sí ní sáìtì ní aago méje, kí n gé ìdajì owó ọjọ́ ẹ̀, tó bá di ìgbà kejì kó máa lọ sílé. Ó ní èmi ni mò ń bà wọ́n jẹ́. Torí kí ni? Torí pé látìgbà tí oòrùn February ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má wà lórí dẹ́kìn láàárín aago méjìlá sí méjì, kí wọ́n bọ́ sísàlẹ̀ síbi tí ibòji wà, kí wọ́n jẹun, ẹni tó bá fẹ́ sùn kó sùn. Àwọn birikilà, mo máa ń dá iṣẹ́ fún wọn láàárọ̀ ni, ògiri báyìí báyìí, tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀ tó sì dáa lójú mi, ẹ máa lọ, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta ì báà jẹ́ márùn-ún.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé iṣẹ́ ń yá ju tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì mọ́. Nígbà tá a ń ṣe é láti méje sí mẹ́fà láìsinmi dáadáa, ògiri tí wọ́n bá mọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń ní kí wọ́n tú. Birikilà tó ti rẹ̀ kì í fi plumb, okùn tá a fi ń wò bóyá ògiri dúró ṣánṣán, wo gbogbo ìlà mọ́, á mọ ìlà mẹ́ta mẹ́rin kó tó tún gbé e sí i, nígbà yẹn ògiri ti tẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ògiri tó bá tẹ̀, pílásítà la máa fi tún un ṣe, ibi tí ìwọ̀n ìka kan ti tó á wá gba ìka mẹ́ta, símẹ́ńtì ń lọ. Ọ̀gá ò rí ìyẹn, aago ni wọ́n rí.

Ṣé kí n ṣe ohun tí wọ́n wí ni, àbí báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí ò ní dà bí pé mò ń ta kò wọ́n?

Bẹ́ńdà_Mushin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni o. Èmi bẹ́ńdà ni, ọ̀rọ̀ oòrùn tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹni tí ò bá di irin rí ò lè mọ̀ ọ́n. Tó bá ti di aago kan ọ̀sán, irin tó wà nílẹ̀ látàárọ̀, o ò ní lè fọwọ́ lásán gbé e, àkísà la fi ń dì í mú, orí dẹ́kìn sì rèé, pákó nísàlẹ̀, irin láàárín, oòrùn lókè, kò síbi téèyàn máa sá sí. Tó bá ti rí báyẹn, ẹni tó bá ní gbogbo oríta irin lòun ń so, irọ́ ló ń pa, á máa so ọ̀kan á máa fo ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá da kọnkéré lé e, ta ló máa rí i?

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù, owó ni. Ẹ lè fún mi nísinmi láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá di Sátidé tẹ́ ẹ ní kí n padà wá ní Túsìdeè, ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú tó máa ń pariwo mọ́ èèyàn látàárọ̀, ṣùgbọ́n Sátidé láago mẹ́rin, owó ẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ, kì í yẹ̀. A ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin yẹn dójú ẹ̀. Òmíì wà lápá Sùúrùlérè, ẹnu ẹ̀ dùn, "ẹ̀yin ọmọ mi" ló ń pè wá, ó jẹ wá lówó títí, àwa náà wá ń wá iṣẹ́ míì ṣe mọ́ ọn, ọjọ́ tá a bá ráyè la máa ń lọ. Irú wọn ló máa ń sọ káàkiri pé oníṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ti parágà náà ńkọ́. Wọ́n á ní àwọn lébírà ń mutí láàárọ̀. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ni, kí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n látàná lè dákẹ́ kí wọ́n tún lè gbé búlọ́ọ̀kù tòní. Ẹni tó sùn tó, tó sì jẹun dáadáa, kí ló fẹ́ fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe láago méje àárọ̀?

Kọ́ńtírákítọ̀_Lẹ́kì:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, ẹ má bínú, torí ọ̀gá lẹ ti ń kó gbogbo ẹ̀bi lé lórí. Èmi ni mò ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Onílé wà ní London, fídíò ló ń béèrè lójoojúmọ́, ibo lẹ dé, kí ló dé tí ògiri yẹn ò tíì ga sí i. Símẹ́ńtì tí mo rà lónìí, tí n bá fi ọ̀sẹ̀ méjì jáfara, owó tí mo máa fi ra òmíì lè ti yàtọ̀. Mísà tó ń po kọnkéré tí mo háyà, owó ọjọ́ ni mò ń san, bó ṣiṣẹ́ bí ò ṣiṣẹ́. Tí lébírà mẹ́rin ò bá wá lọ́jọ́ tí mo fẹ́ da dẹ́kìn, mísà dúró, bẹ́ńdà dúró, injinía tó wá wò ó náà dúró. Ta ló máa san ìyẹn?

Ẹ tún wo ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn. Ẹ fún ẹlòmíì láyè kó máa dé nígbà tó bá wù ú, sáìtì mẹ́ta ló máa gbà pọ̀, á gba àdífáǹsì lọ́wọ́ gbogbo wa, á wá pa fóònù ẹ̀. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi. Èmi ò ní kí wọ́n má sinmi o, ṣùgbọ́n tá a bá ti dá aago fún ara wa, aago ni aago.

Injinía_Gbàgádà:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ lẹ jàre, àmọ́ iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra lẹ ń dà pọ̀.

Iṣẹ́ wà ní sáìtì tó ṣeé dá fún èèyàn, kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dé, kó parí ẹ̀ kó máa lọ, irú bíi búlọ́ọ̀kù mímọ, pílásítà, taìlì, ọ̀dà kíkùn. Iṣẹ́ sì wà tí ò dúró de ẹnikẹ́ni, kọnkéré dídà nìyẹn. Látìgbà tí omi bá ti kan símẹ́ńtì ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, ohun tá a fi ń ṣòdiwọ̀n ni pé láàárín wákàtí kan ààbọ̀, kó ti wà níbi tó máa wà kẹ́ ẹ sì ti kì í dáadáa, tí oòrùn bá mú, àyè yẹn á tún dín kù. Tẹ́ ẹ bá da ìdajì dẹ́kìn tẹ́ ẹ wá dúró de èèyàn, ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ò ní lẹ̀ mọ́ra bó ṣe yẹ, ibẹ̀ lomi máa gbà jò lọ́jọ́ iwájú. Torí náà lọ́jọ́ dídà, ọ̀rọ̀ kọ́ńtírákítọ̀ tọ̀nà, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti pé kẹ́ ẹ tó tan mísà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni àárẹ̀ ń ṣe ìjàǹbá jù. Kọnkéré tó ki, ó wúwo nínú hẹ́dìpáànù, kì í ṣàn, ó sì nira láti fi ṣọ́bìrì tẹ́. Láàárọ̀ wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán tí apá ti ń ro wọ́n, ẹni tó wà nídìí mísà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe látòkè, "ẹ fomi sí i! ẹ fomi sí i!" Á da garawa kan kún un, gbogbo wọn á mí kanlẹ̀, iṣẹ́ á sì máa yá. Omi tó pọ̀ ju èyí tí símẹ́ńtì nílò yẹn, tó bá gbẹ, ihò tíntìntín ló máa fi sílẹ̀ káàkiri inú kọnkéré, agbára ẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹ lè wọn 1:2:4 yín (símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin) dáadáa, ẹ lè ra símẹ́ńtì tó dáa jù, garawa omi méjì ọ̀sán yẹn ti bà á jẹ́. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣèkà níbẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Èkó yìí ti rí ilé wó tó. March 2019 ní Ìta Fáàjì, ilé tí iléèwé wà nínú ẹ̀. 1 November 2021, ilé alájà 21 ní Gerrard Road ní Ìkòyí, àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 40, òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Mi ò sọ pé àárẹ̀ lébírà ló wó àwọn ilé yẹn o, kẹ́nikẹ́ni má fọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ilé bá wó, àwọn tá à ń gé owó ọjọ́ wọn yìí náà ló máa ń wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin Fọ́ọ̀mánù, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ kó èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ pín wọn sí méjì, bí àwọn kan ṣe ń gbé làwọn kan ń sinmi. Owó àwọn tẹ́ ẹ fi kún un ò tó owó dẹ́kìn tó bá ń jò.

ÌyáÌbejì_Ìyánà:
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ kú iṣẹ́. Èmi obìnrin ni o, lébírà ni mo sì ń ṣe, yanrìn àti omi ni mò ń rù. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ látẹ̀ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣáláńgá.

Sáìtì tó pọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sílé ìgbẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin á kọjú sí ògiri, ó parí. Àwa ńkọ́? A máa bẹ ìyá kan ládùúgbò kó ṣílẹ̀kùn fún wa ni, òní lè gbà, ọ̀la lè má gbà. Torí náà a kì í mu omi. Ẹ gbọ́ mi o, nínú oòrùn yẹn, a máa mọ̀ọ́mọ̀ má mu omi látàárọ̀ kó má bàa di pé a fẹ́ tọ̀. Tó bá ti di aago kan, orí á máa fọ́ mi, ojú á máa ṣú mi, tí mo bá gbé hẹ́dìpáànù gun pákó yẹn ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n, mi ò sì ní lè wolẹ̀ torí ohun tí mo rù. Wọ́n á wá ní ìyá yìí ń fa ara. Ṣé ara ni mò ń fà?

Ti aago méje yẹn náà, iléèwé àwọn ìbejì mi kì í ṣí géètì títí di méje ààbọ̀. Ta ni kí n fi wọ́n fún? Ibi tí mo wà báyìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, fọ́ọ̀mánù gbà kí n máa dé ní mẹ́jọ ààbọ̀, èmi náà ni mo máa ń kẹ́yìn, mo máa fọ àwọn hẹ́dìpáànù àti ṣọ́bìrì kí símẹ́ńtì má gbẹ mọ́ ọn, mo máa pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù tọ̀la, mo máa wọ́n omi sórí dẹ́kìn. Wọ́n pè mí níbòmíì, wọ́n ní àwọn á fi 500 náírà lé owó ọjọ́ mi, aago méje. Mi ò lọ.

Injinía_Gbàgádà:
Ẹ ṣé Ìyá Ìbejì. Kẹ́nikẹ́ni má fojú kékeré wo omi tí wọ́n ń wọ́n sórí dẹ́kìn yẹn o, ọjọ́ méje ó kéré tán ló yẹ kó máa tutù, ọjọ́ 28 la sì fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré. Ibi tí kálukú ti sá lọ ní mẹ́fà géérégé, ta ló ń wọ́n ọn? Ẹni tó dé ní mẹ́jọ ààbọ̀ ló ń wọ́n tiwọn.

ỌmọÈkó_ní_Dòhá:
Ẹ kú ilé o, Dòhá ni mo wà ní Qatar, iṣẹ́ sìkáfọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe, Agége ni wọ́n bí mi sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níbí torí ọ̀rọ̀ aago ni aago yẹn. Níbí, òfin fúnra ẹ̀ ló ní ká kúrò nínú oòrùn. Láti 1 June sí 15 September lọ́dọọdún, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti 2021. Wọ́n tún ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wo ooru pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin, tó bá ti kọjá 32.1, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ì báà jẹ́ oṣù wo, ì báà jẹ́ aago wo. Ilé iṣẹ́ tó bá kọtí ikún, wọ́n lè ti sáìtì ẹ̀ pa. Àwọn ará Dubai náà ní tiwọn, méjìlá ààbọ̀ sí mẹ́ta, láti 15 June.

Àánú wa kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n o. Èèyàn ti kú, gbogbo ayé ti pariwo, kí òfin tó le báyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ilé ò ń parí níbí ni? Ìdájí la máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ooru, tó bá fi máa di mẹ́wàá a ti ṣe èyí tó pọ̀.

Èkó ò gbóná tó ibí lóòótọ́, ọ̀rinrin Èkó ló burú, òógùn á jáde kò ní gbẹ lára, ara ò wá ní tutù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kéèyàn má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kó máa mu ife omi kan bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn kì í gbé iṣẹ́ tó wúwo fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ooru yẹn. Nílé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé la máa ń gbé búlọ́ọ̀kù lé lórí jù, torí pé ó lágbára.

Kọ́ńtírákítọ̀_Lẹ́kì:
Bọ̀dá Dòhá, ẹ kú àjò. Àmọ́ ẹ̀yin, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń gbé yín láti ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Tiwa ńkọ́? Ọkọ̀ wo ni lébírà máa wọ̀ láago mẹ́ta òru láti Ìkòròdú, ta ló máa dáàbò bò ó ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù? Tí mo bá sì tan mísà láago márùn-ún ìdájí láàárín àdúgbò, wọ́n á yọ sí mi. Ohun tó ṣeé ṣe ní Dòhá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣeé gbé wá sí Sùúrùlérè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara ṣá. Ṣáláńgá ò lè wọ́n kọnkéré lọ.

Àǹtí_Sẹ́fútì:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká dẹ́kun àtimáa sọ ọ́ bíi pé àánú ni fọ́ọ̀mánù ń ṣe fún wọn, iṣẹ́ sẹ́fútì, ìyẹn ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ni mò ń ṣe, ohun tó wà nínú òfin ni mo fẹ́ sọ.

Labour Act ti orílẹ̀-èdè wa, abala 13, ó ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí àyè sinmi, gbogbo ìsinmi yẹn pọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan. Láàárín ọjọ́ méje, ọjọ́ kan odindi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè torí onílé ń kánjú, ẹ ti gbọ́.

Abala 5 òfin yẹn kan náà ló kan ìbéèrè tó wà nílẹ̀ yìí gan-an. Ó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ yọ owó lára owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, àfi níbi tí òfin bá ti gbà á láyè. Ẹni tó pẹ́ wákàtí kan tẹ́ ẹ wá gé ìdajì owó ọjọ́ ẹ̀, lójú tèmi, ìtanràn nìyẹn, ẹ lè fún un lórúkọ míì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, Employee's Compensation Act ti 2010. Agbanisíṣẹ́ á máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ tó ń san fún àwọn èèyàn ẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o, tí ẹnì kan bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé lébírà ojúmọ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Òfin yẹn ka ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà mọ́ ọn, kódà kó jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán lẹ jọ ṣe.

Fọ́ọ̀mánù_Yábà:
Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀, mi ò gbọ́ ti abala 5 yẹn rí. Ẹ ṣé Ìyá Ìbejì. Ibi tó ń kọ mí lóminú báyìí ni iṣẹ́ àdáparí yẹn, torí ọ̀gá lè sọ pé tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn máa lọ tí wọ́n bá parí, ṣe ni wọ́n á máa sáré ṣe é lọ́nà jákujàku.

Taìlà_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, taìlì ni mò ń tẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti wà l'Ékòó. Ọ̀gá yín lè sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́. Àwa, ìwọ̀n mítà ni wọ́n fi ń sanwó fún wa, kò sẹ́ni tó ń wo aago wa, mo fẹ́ràn ẹ̀ torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sílé mi láàárọ̀ mo lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe iṣẹ́ mi. Àmọ́ nígbà tó bá jẹ́ pé mítà lowó wà, ọmọ tó ń kánjú á fi símẹ́ńtì sí igun mẹ́rin taìlì nìkan, àárín á ṣófo, ẹ ò ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá fojú wò ó. Ẹ mú igi kékeré tàbí owó ẹyọ, ẹ kàn án, ibi tó bá ṣófo á máa dún kọ́ kọ́ kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á gbé fíríìjì kọjá lórí ẹ̀, ó sán. Torí náà ẹni tó bá dá iṣẹ́ fún èèyàn, kí òun náà wá kàn án kó tó ní kó máa lọ, èyí tó bá dún, kó yọ ọ́, kó sì tún un tẹ́ lówó ara ẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹ máa kàn án, wọn ò ní sáré.

Ọ̀rọ̀ míì tí mo fẹ́ fi kún un, àwa tá à ń sun sáìtì torí owó ọkọ̀. Inú ọ̀gá máa ń dùn sí wa, torí pé a ò lè pẹ́ dé. Ibo la wá ń sùn? Orí pépà símẹ́ńtì, nínú yàrá tí ò tíì ní fèrèsé, ẹ̀fọn látalẹ́ dàárọ̀, èèyàn á máa wúkọ́ eruku. Aago méje lù, a wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ò sùn ni wọ́n gbé gírándà lé lọ́wọ́ yẹn o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń gé taìlì lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀, gírándà yẹn já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó mú àtàǹpàkò ẹ̀, títí dòní kò ká dáadáa. Nẹ́ẹ̀tì àti pákó tí wọ́n kàn jọ téèyàn lè sùn lé, ṣé nǹkan ńlá nìyẹn?

Ọmọ_Birikilà:
Bàbá mi wà lára àwọn tó mọ búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ Fẹ́sítáàkì, kí àjọ̀dún 1977 tó wáyé. Ó ṣiṣẹ́ yẹn títí apá ò fi gbé e mọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn wá dá a gúnlẹ̀, kò síbi kankan tí orúkọ ẹ̀ wà, kò sí ìwé, kò sí ọ̀gá kankan tó lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n, àwa ọmọ la tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin Fọ́ọ̀mánù, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ, ẹ ra ìwé nóòtù kan, ẹ máa kọ orúkọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n wá, iye tẹ́ ẹ san, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Tí ọ̀rọ̀ NSITF tí àǹtí sọ yẹn bá délẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́ńtírákítọ̀_Lẹ́kì:
Fọ́ọ̀mánù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa gbé e lọ bá ọ̀gá yín torí èmi náà ọ̀gá ni, mo mọ ohun tó máa wọ̀ mí létí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin, á rò pé ẹ ti fẹ́ fẹjọ́ òun sùn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ mú un lọ síbi ògiri kan tí wọ́n mọ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ mú un lọ síbi tuntun, ẹ fi plumb sí méjèèjì lójú ẹ̀. Ẹ ṣírò iye àpò símẹ́ńtì tí pílásítà ti àkọ́kọ́ gbà, ẹ ṣírò ti ìkejì. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà kan ṣoṣo. Ọ̀gá tó ń ra símẹ́ńtì lówó tìsinsìnyí á jókòó gbọ́ yín.

Kẹ́ ẹ wá fún òun náà ní nǹkan tó máa dì mú, pé lọ́jọ́ dídà kò sí ọ̀rọ̀ mo wà lọ́nà, ẹni tí ò bá ní lè dé lásìkò kó sọ lálẹ́ àná, kẹ́ ẹ ti mọ ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù gan-an nìyẹn, kì í ṣe aago mẹ́jọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ ògiri. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ìyẹn tán, ẹ lè wá mẹ́nu ba abala 5, jẹ́jẹ́.

Bẹ́ńdà_Mushin:
Ọ̀gá Lẹ́kì, ẹ ṣé sà. Kí wọ́n fi owó Sátidé kún un jọ̀ọ́.

Fọ́ọ̀mánù_Yábà:
Ẹ̀yin ará wa, mo padà dé. Mo ṣe é bí ọ̀gá wa Lẹ́kì ṣe wí. Mo mú wọn lọ síbi ògiri ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo ní kí àwọn fúnra wọn di okùn plumb yẹn mú, wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní iye àpò símẹ́ńtì wo ló lọ síbí. Mo fún wọn ní pépà.

Wọn ò gba gbogbo ẹ̀ o. Ti gígé owó ìdajì, wọ́n ti fi sílẹ̀. Iṣẹ́ àdáparí fún birikilà àti pílásítà, wọ́n gbà, àmọ́ èmi ni mo máa wò ó kí wọ́n tó lọ, tó bá wọ́, ọrùn mi ló wà. Méjìlá sí méjì, wọ́n ní wákàtí kan ààbọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ dídà, aago mẹ́fà ààbọ̀ gbogbo wa, wọ́n á fún àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lówó ọkọ̀ lọ́tọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣáláńgá, wọ́n ní ká fi pákó àti páànù ògbólógbòó kan ọ̀kan, kápẹ́ńtà ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ìdè sí i nínú torí àwọn obìnrin. Ti NSITF, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá ronú sí i, mi ò ní jẹ́ kó sùn, Àǹtí Sẹ́fútì mo máa kàn sí yín. Mo ti ra ìwé nóòtù.

Owó Sátidé ni wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí rárá, wọ́n ní ó dọwọ́ onílé. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín ti rí ọ̀nà tó gbà yanjú ìyẹn pẹ̀lú ọ̀gá tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí kí n rí i kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, Thursday la máa da dẹ́kìn.